Bí Iṣẹ́ Kajú Ṣe Gbilẹ̀ ní Kollam, àti Bí Ó Ṣe Wọlẹ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ kajú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìwó, láti Òkè-Ògùn dé ilẹ̀ Kogí, àwọn ọmọdé a máa ká èso rẹ̀, wọn a fa omi rẹ̀ mu, wọn a sì yọ kóró ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń gbé àpò àti òṣùwọ̀n kiri. Àwọn oníṣòwò a kó kóró náà dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ibi tí ó ń lọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí kóró kajú Áfíríkà ti ń gúnlẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìlú kan tí ń jẹ́ Kollam, ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Ìlú yìí ni àwọn oníṣòwò àgbáyé ń pè ní olú ìlú kajú. Ṣùgbọ́n lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó gbé orúkọ náà fún un ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ìlú náà yẹ ní gbígbọ́, nítorí ó fi hàn wá bí ìlú kan ṣe lè di ọlọ́rọ̀ lórí ohun tí kò hù ní ilẹ̀ rẹ̀ tó, àti lórí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò san owó tó tọ́ fún. Ó tún kàn wá gan-an, nítorí kóró tiwa náà wà nínú ìtàn ọ̀hún.

Kollam ti di ìlú ńlá kí kajú tó dé ibẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní Quilon. Àwọn Lárúbáwá mọ̀ ọ́n, àwọn ará Ṣáínà pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí ata oníkóró dúdú, irú èyí tó jọ iyèré wa, ni wọ́n ń wá rà níbẹ̀. Nígbà tí Ibn Battuta, Mùsùlùmí arìnrìn-àjò nì tí a bí ní Tangier, dé etíkun Malabar ní àwọn ọdún 1340, ó ka Kollam mọ́ àwọn ìlú tó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ọjà rẹ̀ àti àwọn olówó inú rẹ̀. Kò rí igi kajú kankan níbẹ̀, nítorí igi náà kò ì tíì kúrò ní ilẹ̀ Bùràsíìlì tó ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn Potogí ló gbé e wá ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní caju. Láti ẹnu wọn ni àwa náà ti rí kajú tí a ń pè é. Àwọn ará Kerala, ní tiwọn, fi orúkọ ẹni tó gbé e wá pè é: wọ́n ní parangi mavu, ìyẹn ni pé igi máńgòrò àwọn Potogí. Fún nǹkan bí 300 ọdún, igi etíkun lásán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di ilẹ̀ mú kí omi má baà wọ́ ọ lọ, kí àwọn tálákà sì rí nǹkan jẹ nígbà tí èso bá pọ́n.

Ní àwọn ọdún 1920 ni nǹkan yí padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọmọ inú kóró kajú, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ìpanu, wọ́n sì ń fi sínú mindin-mín-ìndìn. Àwọn oníṣòwò rí i pé Kollam ni iṣẹ́ náà yóò ti rọrùn. Ìlú náà wà létí òkun, ọ̀nà rélùwéè ti dé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn obìnrin tálákà tí kò ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi dáko pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Kò pẹ́ tí kóró àyíká kò fi tó mọ́. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó kóró tútù láti ìlà oòrùn Áfíríkà, láti ilẹ̀ tí a mọ̀ lónìí sí Mozambique àti Tanzania. Báyìí ni ọ̀nà ọjà náà ṣe là: Áfíríkà ń gbin kajú, Kollam ń fọ́ ọ, Amẹ́ríkà ń jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ kajú fífọ́ kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ẹni tó bá ti fi eyín kan kóró kajú tútù rí mọ̀ pé oje kan wà nínú èèpo rẹ̀ tí í máa bó ènìyàn lẹ́nu bí iná. Ní Kollam, wọn a kọ́kọ́ sá kóró sóòrùn. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọkùnrin a yan án nínú àgbá gbígbóná, èéfín a sì gba gbogbo àdúgbò kan. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn ń fi ooru omi sè é. Lẹ́yìn yíyan ló kan àwọn obìnrin. Wọn a jókòó sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, oníkálukú pẹ̀lú òkúta níwájú rẹ̀ àti kùmọ̀ igi kékeré lọ́wọ́. Wọn a gbé kóró lé òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a lù ú kí èèpo rẹ̀ là. Bí wọ́n bá lù ú jù, ọmọ inú rẹ̀ yóò fọ́, èyí tó bá sì ti fọ́ kì í pa owó bí odindi. Bí wọn kò bá lù ú tó, kò ní là. Wọ́n ń fi eérú tàbí òróró pa ọwọ́ kí oje náà má baà jẹ ẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀ dúdú, ó sì le bí èèpo igi.

Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ọmọ inú kóró yóò wọ inú ààrò kí ó lè gbẹ, àwọn obìnrin mìíràn yóò fi ọ̀bẹ kékeré tàbí èékánná bó awọ tínrín tó wà lára rẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì ṣà á ní ìpele ìpele. Ìpele tí wọ́n mọ̀ jù lọ́jà àgbáyé ni èyí tí wọ́n ń pè ní 320, ìyẹn ni pé nǹkan bí 320 odindi ọmọ kóró ló wọ ìwọ̀n pọ́ùn kan. Bí kóró bá ṣe tóbi sí ni iye tó ń wọ pọ́ùn kan ṣe ń dín kù, tí owó rẹ̀ sì ń gòkè. Nǹkan bí kílò mẹ́rin kóró tútù ni yóò mú kílò kan ohun jíjẹ jáde. Ẹ wá ro iye ìgbà tí kùmọ̀ yóò lọ sókè, tí yóò sọ̀ kalẹ̀, kí agolo kan tó kún.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni àwọn olówó ńlá ti jáde. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ nínú wọn ni Thangal Kunju Musaliar. Mùsùlùmí ni, Musaliar tó wà lára orúkọ rẹ̀ jẹ́ oyè tí àwọn Mùsùlùmí Kerala máa ń fún àwọn alùfáà. A bí i ní ọdún 1897. Ó wọ òwò kajú ní àwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ dé ibi pé wọ́n ń pè é ní ọba kajú. Ohun tó jẹ́ kí a máa dárúkọ rẹ̀ títí di òní ni pé kò fi gbogbo owó náà kọ́ ilé fún ara rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1956, Rajendra Prasad tó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Íńdíà wá fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ kan lélẹ̀ ní Kollam, èyí tí Musaliar fi owó kajú dá sílẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1958. Orúkọ rẹ̀ ni TKM, láti inú orúkọ Musaliar fúnra rẹ̀. Ọmọ Híńdù, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ Mùsùlùmí ló ń kàwé níbẹ̀. Musaliar kú ní ọdún 1966, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà ń bẹ.

Òmíràn ni K. Ravindranathan Nair, tó jẹ́ Híńdù, tó kú ní ọdún 2023. Òun náà ń ta kajú sí òkè òkun. Ó fi èrè rẹ̀ gbé àwọn fíìmù tó lórúkọ jáde ní èdè Malayalam, lára wọn ni Elippathayam ti ọdún 1981, ó sì ṣe bẹbẹ nínú kíkọ́ ilé ìkàwé ìlú Kollam. Ẹ ò rí i pé bí òwò bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tí owó wà fún, gbogbo ìlú ni yóò jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń sọ, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni iṣẹ́ kajú gbà ní Kerala nígbà tí ó gbóná, ó sì lé ní 90 nínú 100 wọn tó jẹ́ obìnrin. Ìran tí a bí obìnrin sí ló máa ń sọ ibi tí yóò jókòó sí. Àwọn tí ayé ka ìran wọn sí ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà nídìí kóró lílù, níbi tí oje ti ń jẹ ọwọ́. Àwọn tó ti ìran gíga wá ló wà nídìí ṣíṣà, níbi tí ó mọ́ tónítóní. Àwọn ọkùnrin tó ń yan kóró ń gba owó ọjọ́ tàbí owó oṣù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń lù ú àti àwọn tó ń bó o ń gba owó níwọ̀n bí iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé sórí òṣùwọ̀n bá ṣe tó. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá ń bá ìyá wọn ṣe é.

Àwọn obìnrin yìí kò dákẹ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n tò lójú títì. Lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ jáde ní ọdún 1948, Kerala sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ lárugẹ jù. Díẹ̀díẹ̀, owó iṣẹ́ wọn gòkè, ẹ̀tọ́ sí ilé ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì wọ inú ìwé. Ohun tó tọ́ ni. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́hun tí yóò sọ pé kí wọ́n má gba ẹ̀tọ́ wọn.

Àmọ́ kí ni àwọn olówó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó kóró wọn sá lọ. Wọ́n kọjá ibodè sí ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré. Àwọn mìíràn ń pín kóró kiri ilé kí àwọn ènìyàn máa fọ́ ọ nínú ilé tiwọn, kí òfin má baà rí wọn. Kudivarappu ni wọ́n ń pe èyí, ìjọba sì fi òfin dè é, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò pa á. Ìjọba Kerala wá dá ilé iṣẹ́ kajú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1969, ó sì kó àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kú sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n tún dá àjọ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kajú. Àwọn méjèèjì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ ebi, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè fi àṣẹ mú kóró hù. Bí kóró kò bá sí, ilé iṣẹ́ kò ní ṣí, bí ilé iṣẹ́ kò bá sì ṣí, owó iṣẹ́ tí òfin là kalẹ̀ wà nínú ìwé lásán.

Àìsí kóró yìí ni egbò tí kò jinná. Àwọn baba wa sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣò ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Íńdíà ń gbin kajú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń ká kò tó èyí tí ilé iṣẹ́ wọn ń béèrè. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ìlà oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ebi wọ Kollam. Ní ọdún 1970, ìjọba Íńdíà dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ra kóró láti òkè òkun, kí ó lè pín in. Síbẹ̀, iye ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń rí iṣẹ́ ṣe láàárín ọdún ń dín kù.

Ibi tí ìtàn yìí ti dun ni jù ni Mozambique. Ní àwọn ọdún 1970, orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tí kajú wọn pọ̀ jù láyé, ó sì ní ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ ọ. Ó gba òmìnira ní ọdún 1975, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ láti 1977 títí di 1992. Bí wọ́n ti ń gbìyànjú láti dìde, Báǹkì Àgbáyé sọ fún wọn ní àárín àwọn ọdún 1990 pé bí wọ́n bá fẹ́ owó, kí wọ́n dín owó orí tí wọ́n ń gbà lórí kóró tútù tó ń jáde kù. Àlàyé wọn ni pé àgbẹ̀ yóò rí owó tó dára gbà. Kóró bá ń wọ́ lọ sí Íńdíà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2001, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Mozambique ti kú, ó sì lé ní 8,000 òṣìṣẹ́, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, tó pàdánù iṣẹ́. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé èrè tó kan ìdílé àgbẹ̀ kan láti inú ètò náà kò ju dọ́là márùn-ún àti díẹ̀ lọ lọ́dún.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn obìnrin Kollam ni kóró náà bọ́ sí. Ohun tí obìnrin Mozambique pàdánù ni obìnrin Kollam fi jẹun ní ọjọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó.

Pàṣán náà sọ̀ kalẹ̀ láti Vietnam. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn ará Vietnam ti ń gbin kajú, tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ tó ń la kóró àti èyí tó ń bó o. Ẹ̀rọ kì í béèrè owó ìfẹ̀yìntì. Ní ọdún 2006, Vietnam gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Íńdíà nínú títa ọmọ inú kóró kajú sí òkè òkun, kò sì tíì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n tún wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń bá Íńdíà du kóró, owó kóró tútù sì ń gòkè. Ní Kollam, àwọn onílé iṣẹ́ kò tètè ra ẹ̀rọ, nítorí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ obìnrin tó pọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní ọdún 2015, ìjọba Kerala fi kún owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kajú. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fi owó ẹnubodè 5 nínú 100 lé kóró tútù tó ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in sí 2.5 ní ọdún 2018. Ẹrù méjèèjì já lu àwọn onílé iṣẹ́ lórí gbèsè báǹkì. Nínú ilé iṣẹ́ tó lé ní 800 tó forúkọ sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ti pa ilẹ̀kùn dé láàárín ọdún díẹ̀. Báǹkì gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ní ti àwọn obìnrin, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wọ́n jù ni pé ẹni tí iye ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó iye tí òfin béèrè kì í rí ìtọ́jú ilé ìwòsàn gbà bó ti yẹ. Obìnrin tó fi 30 ọdún lu kóró wá jókòó sílé pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro àti ọwọ́ dúdú. Àwọn ọmọbìnrin wọn ti kàwé, wọn kò sì fẹ́ jókòó sídìí òkúta náà. A kò lè bá wọn wí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ṣì ń ṣí nígbà tí kóró bá wà, àwọn aládàáni kan ti ra ẹ̀rọ, orúkọ kajú Kollam sì ṣì ní iyì lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọlá àná ti lọ.

Kí ni a fẹ́ fà yọ nínú rẹ̀? Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gbin oko kajú sí Ìwó àti Èrúwà. Lónìí, Áfíríkà ló ń ká ju ìdajì kóró kajú gbogbo ayé lọ, Côte d'Ivoire nìkan sì ti ká ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ti Nàìjíríà ṣì ń jáde ní tútù, sí Vietnam àti sí Íńdíà. Àwa ni a ni kóró tí Kollam kò ní.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé kí a dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Kollam ní ilé iṣẹ́ tó lé ní 800. Ohun tí kò ní ni kóró tó tó, owó iṣẹ́ tó ṣe déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí yóò gba obìnrin lọ́wọ́ oje láìgba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ kan nínú wa bá fẹ́ máa fọ́ kajú, kí ó kọ́kọ́ bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn tí yóò mú kóró dúró sílé. Kí ó ra ẹ̀rọ nígbà tí èrè wà, kí ó má dúró di ìgbà tí gbèsè bá dé. Kí ó sì ṣírò owó òṣìṣẹ́ mọ́ iye ọjà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, nítorí ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìyà òṣìṣẹ́ ni èrè rẹ̀, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá gba ẹ̀tọ́ ni yóò wó.

Ilé ẹ̀kọ́ tí Musaliar kọ́ ṣì ń mú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jáde lọ́dọọdún ní Kollam, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti wá ti dákẹ́. Ohun tí a bá fi èrè kọ́ sínú ènìyàn ló ń pẹ́ láyé. Ì bá dára púpọ̀ bí wọ́n bá ti ná irú owó bẹ́ẹ̀ náà sórí àwọn obìnrin tó ń lu kóró.